Eré Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ta Ló Yẹ Kó Gba Máàkì?

Eré ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń bá àwọn ọmọ wa ṣe nílùú Bìní níbí dùn, ṣùgbọ́n ó lábùkù. Bíi ti Call My Bluff tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1965 ni: a ó ka ìtumọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan péré ló jẹ́ òótọ́. Ẹni tó mọ irọ́ í pa ló ń jèrè jù.

Ọmọ tó ń gbọ́ Ẹdó àti píjìn níta á gbọ́ “àgbàrá”, á rò pé “agbára” ni. Bó bá ti gbọ́ pé “Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un,” kò ní í ṣì í mọ́.

Ẹ jẹ́ ká máa fi máàkì kún ti ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà pòwe.