Àgbákò Lórúkọ, Ará Kijuju Kò Ní

Ní Peckham tí a ń gbé yìí, ìtàn ẹ̀rù ti kúrò lẹ́nu bàbá àgbà. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló wà, àwọn ọmọ wa ló sì ń fi ọwọ́ ara wọn darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí a máa pe géèmù ní ìfàkókò-ṣòfò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni, ó sì yẹ kí a bi í ní ìbéèrè tí a ń bi ìtàn: irú ìwà wo ni òǹkọ̀wé fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo Resident Evil 5, tí iléeṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 2009, nítorí pé Áfíríkà ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Chris Redfield, ará Amẹ́ríkà, àti Sheva Alomar, ọmọ Áfíríkà, wọ Kijuju, ìlú àfinúrò kan tí kòkòrò ti sọ àwọn ará ibẹ̀ di òǹrorò. Nígbà tí ìpolówó rẹ̀ jáde ní 2007, àwọn kan bínú pé òyìnbó kan ń yìnbọn pa aláwọ̀ dúdú. Ìbínú náà nídìí. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ikú nìkan kọ́ ni àbùkù ibẹ̀, torí ikú kì í wọ́n nínú ìtàn ẹ̀rù. Àbùkù ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń kú kò lórúkọ, a kò sì mọ ìwà wọn kí kòkòrò tó wọ̀ wọ́n. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni Sheva ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ èdè Swahili, èdè ìlà oòrùn, ni a fi sí àwọn ará ìlú lẹ́nu.

Sheva pàápàá pàdánù òbí rẹ̀ ní kékeré. Ìbànújẹ́ yìí tó gbé odindi ìtàn ró, ṣùgbọ́n inú àkọsílẹ̀ tí ènìyàn ní láti lọ ṣí kà ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Lójú ìjà, ẹni tí ń na ọta ìbọn sí Chris ni.

Ẹ wá fi wé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Àgbákò kì í ṣe ènìyàn, síbẹ̀ ó lórúkọ; òǹkọ̀wé dé e ní fìlà irin, ó sì ka ojú mẹ́rìndínlógún rẹ̀ fún wa. Ìmọ̀dóye àti Olóhùn-iyọ̀ ń kọ́? Orúkọ wọn gan-an ń sọ ìwà wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé géèmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Guildford, tí kò jìnnà sí wa, ni iléeṣẹ́ Supermassive Games ti ṣe Until Dawn ní 2015. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló wà lórí òkè oníyìnyín. Ìpinnu ẹni tí ń ṣeré ló ń sọ ẹni tí yóò yè. Josh, ọ̀kan nínú wọn, ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tó ṣègbé lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ó burú, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá. A mọ ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Èyí ni a ń béèrè fún ará Kijuju. Ọmọ tó bá ń pa ènìyàn tó jọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, láìgbọ́ orúkọ ẹyọ kan, ń kọ́ ohun kan, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ géèmù, ẹ kọ ìtàn tó ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ará ìlú lórúkọ.