Ibi Tí Ọmọ Ayò Tán Sí

Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú ohun tí ẹ rí, kí ẹ wá fi 41 kún un. Bí ẹ bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí 41. 2 á fún yín ní 43; 3, 47; 4, 53. Olóríkunkun ni gbogbo wọn: kò sí nọ́ńbà tó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Leonhard Euler, àgbà onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, kọ nípa rẹ̀ ní 1772. Ẹ máa bá a lọ, kò ní já yín kulẹ̀ títí ẹ ó fi dé 40, tó ń bí 1601. Ẹni tó dán nǹkan wò nígbà ogójì, tó sì ń bọ́ sí i lójoojúmọ́, ta ni yóò bá a jiyàn? Ó ku kí ẹ fi 41 sí i. 41 lọ́nà 41, ẹ yọ 41, ẹ tún dá 41 padà: 1681, tí í ṣe 41 lọ́nà 41 gan-an. Ọ̀rọ̀ ti wó.

Ní kóòtù, ogójì ẹlẹ́rìí á ti pọ̀ jù. Nínú iṣẹ́ tèmi, wọn ò tíì jẹ́ ẹ̀rí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ọmọ ayò ni mo máa ń kó lọ sí kíláàsì MTH 101, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì ti ń pàdé ọ̀nà ẹ̀rí tí à ń pè ní induction. Mà á fi ẹyọ kan lélẹ̀. Mà á to mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lórí, ó di onígun mẹ́rin, méjì lọ́nà méjì. Mà á tún to márùn-ún mọ́ ọn: mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Méje: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín dọ́gba fún ènìyàn méjì nìyẹn, 1, 3, 5, 7. Tí a bá ro mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú wọn pọ̀, láti 1 dé 11, a ó rí 36, ìyẹn 6 lọ́nà 6.

Ọpọ́n ayò kan, ọmọ 48 ló ní. 36 ti wà nílẹ̀, 12 ló kù lọ́wọ́ mi, 13 ló sì kàn. Ẹyọ kan péré ló dín! Mo fẹ́ràn ẹyọ kan yẹn púpọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ lọ yá ọpọ́n ará ilé kejì, ọmọ inú rẹ̀ á tán náà ni, nọ́ńbà ò sì ní tán.

A wá pa títò tì. A ní ká gbà pé ó bọ́ sí i dé orí nọ́ńbà kan, èyíkéyìí, ká pè é ní n. Onígun mẹ́rin wa gùn ní n, ó fẹ̀ ní n. Láti fi ìlà kan kún un, a nílò n lẹ́gbẹ̀ẹ́, n lórí, àti ẹyọ kan tí yóò jókòó sí igun: 2n + 1. Iye yẹn gan-an sì ni nọ́ńbà aláìdọ́gba tó kàn. Nítorí náà, ibikíbi tó bá ti bọ́ sí i, yóò bọ́ sí i níbi tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sí i ní 1, torí 1 lọ́nà 1 ni 1. Ó parí. A ò to 13 rárá, síbẹ̀ a ti kọjá mílíọ̀nù.

Ọmọ kan kì í ṣàìnawọ́. “Sà, ṣé ẹ ò ti gba ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn wá báyìí?” Ẹni tó béèrè èyí dùn mọ́ mi ju ẹni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìwòkè. N kò gbà á. Ohun tí mo fi hàn ni pé òótọ́ ti ìsàlẹ̀ kò lè wà kí ti òkè má wà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ sì ni láti rí onígun mẹ́rin kékeré tó sá pamọ́ sínú ńlá. Ìyókù, wọ́n lè há a sórí, wọ́n sì ń há a.

Induction kì í báni wá òótọ́ o. Ó ń retí kí a ti fura sí i. Ọmọ ayò ló jẹ́ ká fura, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Francesco Maurolico, ará Messina ní Sicily, ti fi irú ọ̀nà yìí fìdí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ńbà aláìdọ́gba wa yìí múlẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1575, kí Pascal ọmọ Faransé tó là á kalẹ̀ kedere nínú èyí tó kọ ní 1654.

Kí kíláàsì tó túká, mo máa ń fi ẹ̀rí mìíràn dán wọn wò. Ẹṣin ni àwọn òyìnbó fi ń pa á; ewúrẹ́ ni tèmi. Mo ní àwọ̀ kan náà ni gbogbo ewúrẹ́ ayé ní. Ewúrẹ́ kan bá ara rẹ̀ mu, kò sí àríyànjiyàn. Ká gbà pé ewúrẹ́ n, èyíkéyìí, máa ń ní àwọ̀ kan náà. Ẹ kó n + 1 jọ. Ẹ mú ọ̀kan jáde, n tó kù bára mu. Ẹ dá a padà, ẹ mú òmíràn jáde, n tó kù tún bára mu. Gbogbo wọn bára mu nìyẹn. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, torí dúdú àti funfun ń jẹko lẹ́yìn fèrèsé. Ibo ló ti bàjẹ́? Wọ́n á máa wá a kiri níbi tí n ti tóbi, kò sì sí níbẹ̀: láti 2 sí 3 kò ní àbùkù, láti 99 sí 100 kò ní. Àfi ìgbà tí ewúrẹ́ bá jẹ́ méjì. Ẹ mú ọ̀kan jáde, ó ku ọ̀kan. Ẹ dá a padà, ẹ mú èkejì, ó ku ọ̀kan. Kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, tí a lè fi àwọ̀ rẹ̀ wọn tàwọn yòókù.