Lítíréṣọ̀ ni àbí Iṣẹ́ Òǹkọ̀wé?

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí sí Dagenham níbí, ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú sí oyè másítà. Ìwé ìgbàwọlé méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀kan fún ìmọ̀ lítíréṣọ̀, èkejì fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Bàbá ọmọ ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan, pé èyí tó wù kó mú, ebi ni yóò pa á. Ìyá ní kí n bá àwọn dá sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, nítorí kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó lọ fún lítíréṣọ̀ yóò ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, yóò tú u palẹ̀, yóò sì kọ lámèyítọ́ lé e lórí. Ọ̀nà ibẹ̀ ló tọ́ jù lọ sí oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó lọ fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gbé kalẹ̀. Olùkọ́ àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó yí tábìlì ká, wọn yóò sọ ibi tí ìtàn náà ti dùn àti ibi tó ti wọ́. Malcolm Bradbury àti Angus Wilson ló dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Yunifásítì East Anglia, ní Norwich, ní 1970.

Ọmọ Yorùbá kan gba ọ̀nà méjèèjì. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé oyè másítà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó lọ sí Norwich ní 2014. Ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Stay With Me, jáde ní 2017, ó sì wà lára ìwé mẹ́fà tó dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn Baileys lọ́dún náà.

Yéjídé àti Akin ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2008, ó wá padà sí Iléṣà ní àwọn ọdún 1980. Ohun tí ọkọ fi pamọ́, òǹkàwé kò ní gbọ́ ọ títí yóò fi tó àkókò. Lójú tèmi, wọ́n tilẹ̀ pọ́n ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí jù níbòmíràn. Àṣírí ń tú bí ẹni pé agogo ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ Norwich nìyẹn, àfi ìgbà tí mo wo ọdún. Ní 2013, ọdún kan kí ó tó dé ibẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ náà ti wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Kwani? ní Kenya. Norwich kọ́ ló bí i.

Ohun tó sì mú mi lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni àlọ́. Àlọ́ Olúrónbí wà níbẹ̀, ti Ìjàpá àti Yánníbo náà wà níbẹ̀. Nínú ilé tí ọmọ ti ń kú, àlọ́ ìyá tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò kì í ṣe eré òṣùpá mọ́. Kò sí tábìlì tí ènìyàn lè jókòó yí ká kí wọ́n fún un ní ìyẹn.

Ẹnìkan yóò sọ pé Amos Tutùọlá kò wọ yunifásítì kankan kí Faber and Faber tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1952. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Tutùọlá gbọ́ àlọ́ ní Abẹ́òkúta. Tẹlifíṣọ̀n ni ọmọ tiwa gbọ́ ní Becontree, àwa òbí la sì tàn án fún un.

Ọmọ náà kò lè ṣe bíi ti Adébáyọ̀. Owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ másítà ní England, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú £10,000 ní 2016, ti lé ní £12,000 báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní oyè másítà kò lè yá a mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn. Ní ti ebi tí bàbá ń sọ, n kò ní purọ́ fún un: kò sí èyí tó ṣèlérí owó nínú méjèèjì.

Mo ní kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ogún ojú ìwé ni, ìtàn ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú, ó sì gbà mí láyè kí n sọ èrò mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, gbólóhùn rẹ̀ kò wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà náà ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà inú tẹlifíṣọ̀n. Kò pa òwe kan tó jẹ́ tirẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń búni. Àwọn tó máa yí tábìlì ká lè máà mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Nítorí náà, lítíréṣọ̀ ni mo ní kí ó mú, níbi tí wọ́n bá ti fi ìwé ilẹ̀ Áfíríkà sínú ẹ̀kọ́ náà, kí ó máa kọ ìtàn tirẹ̀ lóru. Ẹni tó bá ní ìtàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, tí àkókò àti òǹkàwé ni kò ní, Norwich ni n bá ní kó lọ.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òun yóò fèsì kí oṣù tó parí. Ìyá àgbà rẹ̀ gan-an ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa àlọ́ kan fún òun.