Alágbára Má Mèrò: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Kúpé

Àṣà kan wà láàárín àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò, kí á yin èyí tó dára níbẹ̀, kí á sì bá èyí tó kù díẹ̀ káàtó wí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí kúpé rà, ìyẹn ọkọ̀ ọlọ́lá onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe fún eré àti ìgbádùn, kò ní tíì nu eruku ara rẹ̀ tán tí yóò ti máa pariwo pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò lágbára tó. Àfi kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé èyí tó jù ú lọ sí i. Bó bá ti bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan ní Dùgbẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà yíjú wò ó, ó di pé iṣẹ́ parí. Lójú tèmi, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ ìdílé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni ò mọ Peugeot 504 nílẹ̀ yìí? Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná, kó tó di pé wọ́n ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n 504 ní àbúrò kan tó jẹ́ ọmọ olówó, 504 Coupé. Pininfarina ti Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní 1969, wọ́n sì ṣe é títí di 1983. Ó kúrú ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, ó sì rẹwà débi pé ẹni tó rí i lónìí ṣì máa dúró wò ó.

Ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí tó ń wá agbára kún agbára kò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn tó ṣe é gan-an ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1974 wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì V6 onísílíńdà mẹ́fà sí i, 2664 cc, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 136. Ní 1977 wọ́n fi injection rọ́pò kábúrétọ̀, agbára náà sì di 144. Nígbà tó di 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé V6 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún fi gba ti Bandama ní Côte d'Ivoire, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé èèwọ̀ ni kí á fọwọ́ kan ọkọ̀ àtijọ́, wọn ò rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn fi lélẹ̀.

Àmọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n fún lágbára fún ìdíje náà? Rárá o. Ọkọ̀ tó fẹ́ la ẹrẹ̀ àti kòtò já, wọ́n ní láti fún ara rẹ̀ lókun, kí wọ́n sì fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lókun. Ibẹ̀ ni tiwa ti máa ń yàtọ̀. Ẹ wo Ilé Kòkó tó dúró sí Dùgbẹ̀ láti 1965, alájà 26. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi àjà márùn-ún kún un, ṣé orí òrùlé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò?

Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ni búrẹ́èkì, ṣọ́ọ̀kì, táyà, gíà àti rédíétọ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí búrẹ́èkì máa gbà kí ọkọ̀ tó dúró á di bí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù máa tẹ orí ọkọ̀ balẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ yà ní kọ́nà mọ́. Rédíétọ̀ tó ń tu ẹ́ńjìnnì kékeré lára kò lè tu ńlá lára nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ọkọ̀ alágbára tó ń rú èéfín létí títì, tí táksí gbígbó ń kọjá lára rẹ̀.

Mo tún ní ìbéèrè kan fún ẹni tó ní ẹṣin 144 ò tó òun. Ṣé ẹṣin 144 náà ṣì wà ní ìsọ̀? Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń pariwo, tí ojú epo rẹ̀ ti dí, àwọn ẹṣin ibẹ̀ ti sá lọ tipẹ́. Kí mẹkáníìkì wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan ná, kó tó dá a lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń pe kúpé wọn ní ọ̀lẹ, wọn ò wà á rí nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ohun tí àṣà yìí ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ dà. Mẹkáníìkì tó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún búrẹ́èkì ṣe," wọ́n á ní ó fẹ́ jẹ owó. Èyí tó gé sàlẹ́ńsà dànù, tí ọkọ̀ ń ké bíi kìnnìún, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Ariwo kì í ṣe agbára. Bí oníbàárà bá ń sanwó fún ariwo nìkan, ariwo náà ni àwọn ọmọṣẹ́ máa kọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé a kì í dá nìkan rìn lójú títì. Nígbà tí wọ́n dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, òkú ojú ọ̀nà ló fà á. Òfin ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ì báà jẹ́ lórí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò tún ìwé ṣe, wàhálà ló fowó ara rẹ̀ rà.

Ìdájọ́ mi kò le. Ẹ jí agbára àtijọ́ dìde ná. Ẹ tún ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ṣe, kí ẹ tó tún ohun tó ń mú un sáré ṣe. Bí owó bá wá ṣẹ́kù, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tó wù yín sí i, èmi náà á wá bá yín yọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, alágbára má mèrò ni, baba ọ̀lẹ.