Àbẹ́là Kọ́ Ló Ń Mú Ilé Gbóná

Nílé wa ní Ìbàdàn, bí ẹ bá rí àbẹ́là tó ń jó, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: NEPA ti mú iná lọ, epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Èmi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní iná tó dúró ṣinṣin, kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, kó wá tan àbẹ́là, kó ní òun ń gbádùn. Inú The Little Book of Hygge, ìwé tí Meik Wiking kọ, ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Arákùnrin kan tí a jọ ń kọ kóòdù níbi iṣẹ́ ló fún mi ní ìwé náà ní ìparí ọdún 2022, ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní Manchester. Ó ní á ràn mí lọ́wọ́. Alẹ́ méjì ni mo fi kà á tán, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn àti ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀. Ẹ fi kóòtù yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọmọ Dẹ́nmárkì ni Wiking, òun sì ni olórí iléeṣẹ́ kan ní Copenhagen tó ń ṣèwádìí nípa ìdùnnú ẹ̀dá. Ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2016. Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi "hygge" sára àwọn tó ń du ipò ọ̀rọ̀ ọdún. Kò wọlé, post-truth ló gbégbá orókè, ṣùgbọ́n ọjà ti gbà á lọ́wọ́ wọn: ìbọ̀sẹ̀ onírun, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àbẹ́là olóòórùn dídùn, gbogbo rẹ̀ di hygge. Bí ẹ bá pè é ní "húgà", ẹ ò jìnà síbẹ̀.

Kí ni ká pè é ní Yorùbá? Mo ti gbọ́ táwọn kan ní fàájì ni. Èmi ò gbà. Fàájì fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó fẹ́ orin, ó fẹ́ aṣọ, ó fẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Hygge ń sá pamọ́ ni. Èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n mọ ara wọn dáadáa, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, nǹkan gbígbóná nínú ife, kò sẹ́ni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù. Ìfarabalẹ̀ sún mọ́ ọn ju fàájì lọ. Ohun tó wù mí jù ni pé bí wọ́n bá fi "u" ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà, ó di uhyggelig, ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹni tó bá sì ń ba fàájì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, lyseslukker ni wọ́n ń pè é: apa-àbẹ́là.

Orí tó sọ̀rọ̀ nípa iná ló dára jù nínú ìwé náà. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àbọ̀ á kọjá láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ ní Copenhagen, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Wiking sọ pé ọmọ Dẹ́nmárkì kọ̀ọ̀kan ń jó àbẹ́là tó bíi kílò mẹ́fà lọ́dún. Ó mẹ́nu ba Poul Henningsen, ẹni tó ti ń ṣe láǹpù onípele-ípele láti bí ọdún 1925, kí gílóòbù má baà gún èèyàn lójú. Mo dán an wò. Mo ra láǹpù kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, mo pa iná funfun tó wà lókè àjà. Yàrá tó ti ń jọ àgọ́ ọlọ́pàá di ibi tí èèyàn lè jókòó sí. Mi ò ní parọ́ mọ́ ìwé, ó ṣiṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá mi pè mí lórí fídíò.

"Àkànní, ṣé wọ́n ń mú iná lọ́dọ̀ yín náà ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo pa á."

"O pa á? Ṣé owó ni?"

Mo ní kì í ṣe owó, mà, àṣà àwọn ará Dẹ́nmárkì ni. Wọ́n wò mí títí.

"Kóòtù tí o wọ̀ jókòó sínú ilé ńkọ́? Àṣà àwọn ará Dẹ́nmárkì náà ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ò ní èsì.

Níbẹ̀rẹ̀ ìwé, Wiking sọ ìtàn bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe lọ sí ilé kékeré kan nínú igbó nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀. Wọ́n ti rìn títí ó ti rẹ̀ wọ́n, iná ń jó, ọbẹ̀ ń hó. Ẹnìkan béèrè bóyá nǹkan kan wà tó lè mú kí hygge náà pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ wọn obìnrin dáhùn pé ó wà: bí ìjì bá ń jà níta. Ìtàn tó dùn ni, òun sì ni gbogbo ìmọ̀ràn ìwé náà dúró lé: ìta burú, inú ilé dára. Bó bá wá jẹ́ inú ilé ni ìjì wà ńkọ́?

Nínú ilé tí mo háyà, afẹ́fẹ́ ń gba etí fèrèsé wọlé, igun ògiri ti dúdú nítorí ọ̀rinrin. Ìwé àdéhùn ilé sì kọ ọ́ gbangba pé a ò gbọdọ̀ tan àbẹ́là. Láti oṣù Kẹwàá 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sí owó gáàsì àti iná mànàmáná, síbẹ̀ £2,500 lọ́dún ni wọ́n fojú bù fún ilé tó ń lò ó níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mítà tí a kọ́kọ́ ń sanwó sí ni tiwa. Bí owó inú ẹ̀ bá tán, hítà kú nìyẹn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe iṣẹ́ hítà. Mo ti gbìyànjú ẹ̀.

Ó tó bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé Dẹ́nmárkì tó jẹ́ pé inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni ooru ti ń bá wọn nílé, láti ibùdó tí wọ́n ti ń gbé omi kaná fún odindi àdúgbò. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n gógó ní 1973, epo tí wọ́n ń rà láti òkè òkun ni ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tí wọ́n ń lò. Ìjọba fòfin de wíwa mọ́tò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní 1979, wọ́n ṣe òfin lórí bí ooru ṣe máa dé ilé kálukú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ oníwákàtí 37 kún un. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú ẹ̀: ẹnìkan á fi áàpù rẹ̀ hàn ẹ́, á máa dán gbinrin, o gbé e sórí kọ̀ǹpútà tìẹ, ó yarí, torí pé kò sọ fún ẹ pé nǹkan mẹ́wàá wà lábẹ́ ẹ̀ tó gbé e ró. Kí n má ṣàbòsí, Wiking dárúkọ ètò ìrànwọ́ ìjọba wọn, ó sì sọ pé wọ́n ń tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó kàn ya ibẹ̀ fẹ́ẹ́ ni, ó ti padà sídìí kéèkì.

Ibòmíràn tó tún fò kíá ni ibi tó ti gbà pé kò rọrùn fún àlejò láti wọ agbo àwọn ará Dẹ́nmárkì, torí àwọn tó ti mọra tipẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó. Èmi àlejò, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó dúró sí.

Ní Mọ́ńdè, arákùnrin tó fún mi ní ìwé béèrè bí mo ṣe rí i. Mo sọ ti láǹpù fún un, mo sọ ti kóòtù náà. Kò sọ nǹkan kan. Ní Fúráìdeè, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé hítà kan tí wọn ò lò mọ́ nílé wọn dání. Mo din dòdò, mo gbé ọbẹ̀ ata kaná, a jókòó sí kíṣìnì tí fèrèsé rẹ̀ ti hù fún ooru. Ìgbà tí ata mú un lọ́fun ló tó bọ́ kóòtù rẹ̀. Ìwé Wiking ni mo fi tẹ́ abẹ́ ìkòkò, kó má baà jó tábìlì onílé.