Àrọ́pò Òṣèré Nínú Ẹgbẹ́ Olórin: Àyẹ̀wò Ipò Onílù Nínú Ẹgbẹ́ Fẹlá Lẹ́yìn Ọdún 1979

1. Ìfáàrà

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ohun tí òwe yìí kò sọ ni bí ọṣẹ náà yóò ti rí bí a bá yọ ewé kúrò lára rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ní ti ẹgbẹ́ olórin: nígbà tí òṣèré tí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ bá kúrò, tí a sì fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, ṣé ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì wà, tàbí orúkọ nìkan ni ó kù? Àpẹẹrẹ tí a gùn lé ni bí Tony Oládìípọ̀ Allen ṣe fi ẹgbẹ́ Africa 70 ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sílẹ̀ ní ọdún 1979, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Èrò méjì ni ó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ti àwọn tí ó gbà pé ọjọ́ tí Allen jáde ni orin afrobeat parí. Èkejì ni ti àwọn tí ó gbà pé Fẹlá ni ó ni orin, àti pé alágbàṣe tí a lè pààrọ̀ nígbàkigbà ni onílù. Èrò méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó, àbùkù kan náà ni ó sì wà nídìí wọn. Wọ́n wo ẹni tí ó lọ, wọn kò wo irú ipò tí ó fi sílẹ̀.

2. Àrọ́pò Nínú Ọ̀wọ́ Ìlù Ìbílẹ̀

Ní Adó-Àwáyè ní ẹkùn Òkè-Ògùn, ìlú tí òkè àpáta àti adágún omi orí rẹ̀ sọ di mímọ̀ jìnnà, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yòókù, ìlù dùndún kò ṣàjèjì sí ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè àti ọdún ìbílẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú ni ó ń gbè é. Ipò kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti wà kí ẹni tí ó ń ṣe é lónìí tó dáyé. Orí ìlù kékeré ni ọmọ Àyàn sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Ọjọ́ tí ó bá gba ipò ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, etí rẹ̀ ti gba ohùn ipò náà tipẹ́.

Orúkọ ìdílé yìí pàápàá jẹ́ tíọ́rì àrọ́pò. Àyántúndé, Àyánwálé, Àyándélé: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ni pé Àyàn kò fi ilé sílẹ̀ láìní ẹni. Èyí kò túmọ̀ sí pé onílù kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ará ìlú mọ ọwọ́ onílù. Wọ́n mọ ẹni tí òwe rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí àgbà onílù bá kú, adùn lè dínkù fún sáà kan, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ìlù kì í dàrú. Ara ẹni ni ìyàtọ̀ wà. Inú ipò ni iṣẹ́ wà.

3. Ipò Tí Ó Ṣófo ní Ọdún 1973

Allen kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí Fẹlá wá àrọ́pò fún. Ní ọdún 1973, Igo Chico, ẹni tí ń fọn fèrè saksofóònù nínú ẹgbẹ́ náà, bínú jáde. Fẹlá kò wá ẹlòmíràn lọ títí. Òun fúnra rẹ̀, tí a ti mọ̀ mọ́ kàkàkí òyìnbó àti dùùrù, gbé saksofóònù, ó kọ́ ọ, ó sì fọn ọ́ nínú àwo orin Gentleman tí ó jáde ní ọdún náà.

Ohùn rẹ̀ kò dán tó ti Chico. Ó gbóná, ó le, gbólóhùn rẹ̀ kò gùn. Síbẹ̀ orin náà kò wó. Ìdí rẹ̀ ni pé ipò ìyáàlù ni saksofóònù náà wà: ó ń dá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn án, àwọn yòókù sì ń gbè é. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá yí padà, ọ̀rọ̀ yóò yí padà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí ó dúró lé kò ní mì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ohùn líle yẹn di ara àmì tí a fi ń dá orin Fẹlá mọ̀. Níhìn-ín, àrọ́pò ṣeé ṣe, ó tilẹ̀ mú èso jáde.

4. Ipò Tí Ó Ṣófo ní Ọdún 1979

Ti Allen yàtọ̀. Ọdún 1964 ni ó wọ ẹgbẹ́ Koola Lobitos. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó wà níbẹ̀ nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ yí padà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun jó Kàlàkútà ní oṣù kejì ọdún 1977, ó sì bá wọn dé ibi àjọ̀dún orin ní Berlin ní 1978. Yàtọ̀ sí ìlù, òun ni ó tún ń darí àwọn òṣèré.

Ohun tí ó ń ṣe nídìí ìlù ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀wọ́ ìlù òyìnbó ni ènìyàn kan máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lù. Ọ̀pọ̀ onílù ijó a máa jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gba ọ̀nà kan náà. Allen fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn àwo bàbà ń ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú, wọn kò sinmi. Ọwọ́ òsì ń ṣe iṣẹ́ omele. Ìlù ńlá tí a ń fẹsẹ̀ lù kì í sọ̀ kalẹ̀ níbi tí etí ti ń retí rẹ̀, ṣe ni ó ń fèsì bí ìyáàlù. Odindi ọ̀wọ́ ìlù ni ó wà nínú ara ènìyàn kan.

Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí òun àti Michael Veal jọ kọ, tí ó jáde ní 2013, Allen ṣàlàyé pé Fẹlá a máa fún àwọn òṣèré yòókù ní ohun tí wọn yóò ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìlù sílẹ̀ fún òun láti gbé kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ Fẹlá nìkan ni ó ń wà lára àwo gẹ́gẹ́ bí olùpilẹ̀ orin. Ọ̀rọ̀ owó àti ìmọrírì wà lára ohun tí ó mú un jáde. Nítorí náà, ipò tí ó ṣófo ní 1979 kì í ṣe èyí tí ó ti wà kí ẹni tí ó jókòó sí i tó dé. Allen ni ó gbẹ́ àga náà, kò sì sí ọmọ-iṣẹ́ tí ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ orin náà máa ń sọ pé onílù mẹ́rin ni Fẹlá nílò láti dí àlàfo yìí. Ó lè jẹ́ àsọdùn, ṣùgbọ́n àsọdùn tí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni: ipò mẹ́rin ni ó ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ìṣòro yìí dé bá àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ní Ìlú Ọba ní sáà kan náà. Nígbà tí Keith Moon, onílù ẹgbẹ́ The Who, kú ní 1978, wọ́n fi Kenney Jones dípò rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí John Bonham kú ní 1980, ẹgbẹ́ Led Zeppelin tú ká. Ọ̀nà kẹta ni Fẹlá gbà.

5. Ohun Tí Fẹlá Ṣe

Fẹlá kò gbìyànjú láti dá Allen mìíràn. Ó yí orin padà kí ó lè bá ìlù tí ó kù mu. Ẹgbẹ́ tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Egypt 80 gbé Original Sufferhead jáde ní 1981, Teacher Don't Teach Me Nonsense ní 1986, àti Beasts of No Nation ní 1989. Nínú àwọn orin wọ̀nyí, ìlù ń la ọ̀nà tí ó tọ́ gbọọrọ. Kò jà, kò fèsì. Ẹrù tí ó bọ́ léjìká rẹ̀ bọ́ sí èjìká fèrè, dùùrù àti àwọn obìnrin elégbè. Orin náà wúwo sí i, ó sì ń rìn bí ẹni tí ń yan. Ìtàkùrọ̀sọ láàárín onílù àti olórin ni ó sọnù. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sọ ohun kan ṣoṣo. Àdánù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin.

Àwo Army Arrangement ti ọdún 1985 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ láti apá òdì. Ẹ̀wọ̀n ni Fẹlá wà nígbà tí Bill Laswell tún orin náà ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó sì fi ìlù Sly Dunbar, ògbóǹtarìgì onílù ọmọ Jàmáíkà, kún un. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Dunbar kò mọ ìlù í lù. Síbẹ̀ ìlù náà dà bí àlejò nínú ilé, inú Fẹlá kò sì dùn sí i. Ọgbọ́n ọwọ́ nìkan kì í dí ipò tí a kò bá ẹni gbé.

6. Àléébù Àwọn Lámèyítọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ gan-an ni pé ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí orin a máa da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sílẹ̀, wọn a sì máa tú u palẹ̀ bí ewì. Bí a bá fi ọ̀nà yìí wo iṣẹ́ Fẹlá, kò sí ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1979. Ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀sùn rẹ̀ sí ìjọba ń bá a lọ. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí kò lè mọ̀ pé ẹni tí ó gbé ìdajì ilé ró ti jáde kò yẹ ní ẹni tí a ń fọkàn tán. Kò tó láti dá olórin lórúkọ, kí a wá kọ “àti àwọn onílù rẹ̀” sí ìsàlẹ̀ ìwé. Àṣà yẹn kò yàtọ̀ sí ti ara àwo orin tí Allen bínú sí.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn nínú àyẹ̀wò yìí pé ọ̀nà mẹ́ta ni ipò òṣèré pín sí: èyí tí ìdílé tàbí àṣà ti gbé kalẹ̀, bíi ti dùndún, èyí tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìpìlẹ̀ tí ó dúró, bíi ti Igo Chico, àti èyí tí ẹni kan fi ara rẹ̀ dá, bíi ti Allen. Àrọ́pò rọrùn fún ti àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe fún èkejì, ṣùgbọ́n ìkẹta ń béèrè pé kí a tún gbogbo ilé kọ́.

Nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ṣeun ọmọ rẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, bọ́ síwájú Egypt 80. Àwọn àgbà òṣèré bíi Lékan Animáṣahun, tí ó ti wà lọ́dọ̀ Fẹlá láti 1965, ni ó dúró tì í. Ẹgbẹ́ náà ti wá ní ohun tí kò ní ní 1979: ọmọ tí ó dàgbà sẹ́bàá ìlù, àti àgbà tí ó mọ ohùn ipò kọ̀ọ̀kan. Allen kú ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àwọn onílù káàkiri ayé ti ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ipò tí kò ní àrọ́pò ní 1979 ti di ipò tí a ń kọ́. Bí Àyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.