Powerman àti Ìyanu: Akọni Méjì Nínú Ìwé Aláwòrán

Ìwé ìtàn aláwòrán kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú tín-ínrín. Bí ọmọ bá fẹ́ràn akọni kan, díẹ̀díẹ̀ ni ìwà akọni náà yóò máa wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà ni mo ṣe tún ṣí ìwé tí àwa ọmọ ìgbà nì fẹ́ràn, tí mo sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn ọmọ òde òní ń kà.

Powerman ni orúkọ ti àtijọ́. Ní ọdún 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n a sì máa kọ nọ́ńbà sí àwòrán, kí ẹni tí kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí má baà ṣìnà. Ní àwọn abúlé wa, láti Mọ́níyà títí dé Akánrán, ẹ̀dà kan ṣoṣo a máa ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi ya. Kò yà mí lẹ́nu. Ènìyàn dúdú ni Powerman. Ó ń fò lójú ọ̀run, agbára rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Ọmọ tí ó ti rò pé aláwọ̀ funfun nìkan ni í ṣe akọni nínú ìwé wá rí ẹni tí ó jọ bàbá rẹ̀. Oore ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ó lè borí Powerman ni oró ejò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti sún mọ́ wa jù lọ. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ewé gbígbẹ, mọ ohun tí ejò jẹ́. Agbára akọni náà jìnnà sí ti àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ewu kan náà ni ó ń dojú kọ àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, àbùkù ìwé náà kò kéré. Ìjà ni a ń dúró dè láti ojú ewé kan dé èkejì. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò já wá láti ojú ọ̀run. Àwọn ará ìlú yóò káwọ́ lẹ́rán, wọn yóò máa wòran. Ọmọ tí ó bá fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe lè gbà pé agbára nìkan ní í sọ ènìyàn di ẹni iyì, tàbí pé kí ìlú jókòó kí ó máa retí olùgbàlà. Èrò méjèèjì ni ó léwu. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kí àwọn ènìyàn lè máa bẹ̀rù wọn. Agbára tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú ni wọ́n ń wá kiri.

Ní ti Iyanu: Child of Wonder, Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, ni ó kọ ọ́, Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2021, ó sì di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2025. Ilẹ̀ Yorùbá ìgbà láéláé ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyanu jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ní òbí. Obìnrin àgbà kan tí a ń pè ní Olórí ni ó tọ́ ọ, tí ó sì kọ́ ọ ní ìmọ̀ àwọn baba ńlá. Nígbà tí ewu dé ni agbára ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sì dá rìn: Bíyì àti Tóyè, ọ̀dọ́ bí tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń lọ wá orísun ibi náà.

Níhìn-ín ni mo rò pé Ìyanu ju Powerman lọ. Ẹ̀kọ́ ṣáájú agbára, ọ̀rẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọni. Èyí kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, Akàrà-oògùn kò dá lọ sí Òkè Lángbòdó. Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní orin. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ni Ìràgbèje fi ṣe wọ́n lálejò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìyanu náà kò ṣàì ní àbùkù. Àbímọ́ ni agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọmọ ni a bí irú rẹ̀ mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ìwé náà, débi pé ọmọ Yorùbá ń gbọ́ ìtàn ilé rẹ̀ láti ẹnu àlejò. Ẹni tí yóò fi èdè wa kọ irú rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ka ìwé méjèèjì bí ẹ bá rí wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi akọni kan ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: Ta ni ó kọ́ ọ? Àwọn wo ni wọ́n bá a rìn? Ta ni agbára rẹ̀ ṣe ní àǹfààní?